Àtẹ̀jáde Láti Ìpàdé Ìlaròó: Lẹ́ǹsì Líle fún Ojú Tó Yọ Ṣóńṣó

Àwa dókítà ojú, nọ́ọ̀sì ojú àti àwọn tó ń gé gíláàsì ní ẹkùn Yewa, láti Ìlaròó, Ayétòrò, Ìmẹ̀kọ, Ọjà-Ọ̀dán, Ìpókíá àti Ìdí-Ìrókò, pàdé ní Ìlaròó ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà nínú ìwé tí akọ̀wé fi pè wá. Owó ẹgbẹ́ àti ètò ìparí ọdún kò gbà wá ju wákàtí kan lọ. Ẹ̀kẹta ni a jókòó tì títí oòrùn fi wọ̀, òun náà ni a torí rẹ̀ kọ àtẹ̀jáde yìí: ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tí dígí iwájú ojú wọn ń yọ ṣóńṣó, tí gíláàsì kò ràn mọ́, tí a sì ń dá padà sílé láìfún wọn ní ohun tó lè jẹ́ kí wọ́n ríran.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan láti Ayétòrò ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọmọ ọdún 19, wá bá òun pẹ̀lú gíláàsì mẹ́rin nínú ọ̀rá, ó sì tò wọ́n sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Láàárín ọdún mẹ́ta ni wọ́n ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún un, níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nọ́ńbà wọn kò sì bára mu. Kò sí èyí tó lè fi ka ohun tí olùkọ́ kọ sójú pátákó nínú wọn. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, iná ọkọ̀ kan a di mẹ́ta lójú rẹ̀, a sì máa fa ìrù. Ìyá rẹ̀ ti mú un lọ sórí òkè àdúrà lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí arákùnrin wa sọ èyí tán, gbogbo ilé dákẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ pé àwa náà ti gé irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ rí, a sì ti gba owó rẹ̀. A gba ẹ̀bi náà níwájú gbogbo ènìyàn. Ẹni tó ti pààrọ̀ gíláàsì lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan tí ìríran rẹ̀ kò sì gún, kì í ṣe gíláàsì kẹta ló yẹ ká tà fún un.

Keratoconus ni àwọn onímọ̀ ń pe àrùn náà. Dígí iwájú ojú, èyí tí a ń pè ní kọ́níà, ló bo ọmọlójú níwájú, ó sì mọ́ gaara bí omi òjò. Láàárín rẹ̀, kò nípọn ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà lọ. Nínú àrùn yìí, àárín náà tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀ a máa fẹ́lẹ́ sí i, agbára rẹ̀ a dín, á wá máa rù síwájú títí tí yóò fi ní ṣóńṣó bí òkòtó tí àwọn ọmọdé ń ta. Ìgbà ìbàlágà ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lè máa gbèrú títí ènìyàn yóò fi lé ní ọgbọ̀n ọdún kó tó rọlẹ̀. Ojú méjèèjì ló sábà máa ń mú, ṣùgbọ́n ọ̀kan a máa ṣáájú èkejì. Kì í ṣe àrùn tuntun: John Nottingham, dókítà kan ní Liverpool, ti kọ odidi ìwé lé e lórí ní 1854. Kì í ràn láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Ẹnikẹ́ni kò fi ṣe ọmọ náà.

Àwọn àgbà ní ojú tí yóò bá ni kalẹ́ kì í tàárọ̀ ṣepin. Arábìnrin wa kan láti Ìmẹ̀kọ sọ fún wa pé àwọn òbí kan ń fi òwe yìí tu ara wọn nínú bí ọmọ ọdún 15 kò bá ríwèé kà mọ́. Wọ́n á ní ojú ọmọ náà ti fi ibi tó ń lọ hàn, wọ́n á sì mú un kúrò nílé ìwé lọ sí oko. A bọ̀wọ̀ fún àgbà tó pa òwe náà, ṣùgbọ́n a bẹ̀bẹ̀ kí ẹ má pa á lórí àrùn yìí. Keratoconus kì í sábà fọ́ ojú pátápátá. Ojú tó ṣepin láàárọ̀ yìí lè bá ọmọ náà kalẹ́ tó bá rí lẹ́ǹsì tó bá a mu.

Orí imú ni gíláàsì ń jókòó sí, kò dé ibi tí wàhálà wà. Ojú gbágungbàgun ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, ibẹ̀ ló ti ń fọ́n káàkiri, gíláàsì kò sì lè kó o jọ. Lẹ́ǹsì rírọ̀ tí wọ́n ń fi sínú ojú náà kò fi bẹ́ẹ̀ ràn, nítorí bí aṣọ tútù ló rí: bí gegele bá wà lábẹ́ rẹ̀, òun náà á yọ gegele. Lẹ́ǹsì líle kì í tẹ̀. Ó ń gbé ojú mìíràn tó dán wá síwájú kọ́níà, omijé á wá kún àlàfo àárín àwọn méjèèjì, á dí gbogbo kòtò ibẹ̀. Ìwọ̀n tí omijé fi ń tẹ ìmọ́lẹ̀, 1.336, súnmọ́ ti kọ́níà, 1.376, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú gbágungbàgun náà fi ń pòórá lójú ìmọ́lẹ̀. Àwọn tó ti rí i láàárín wa jẹ́rìí sí i: ẹni tí kò rí lẹ́tà ńlá tó wà lókè pátákó á jókòó, omijé á máa dà lójú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìlà tó wà nísàlẹ̀ láìdúró.

Àrùn yìí gan-an wà lára ohun tó bí lẹ́ǹsì ojú. Ní 1888, Adolf Eugen Fick ní Zürich àti Eugène Kalt ní Paris, kálukú ní tirẹ̀, fi lẹ́ǹsì tí wọ́n fi dígí ṣe sójú àwọn aláìsàn tí kọ́níà wọn yọ ṣóńṣó. Ó wúwo, kò sì ṣeé wọ̀ ju wákàtí díẹ̀ lọ. Ní 1948, Kevin Tuohy ní Amẹ́ríkà fi ike ṣe kékeré kan tó jókòó sórí kọ́níà nìkan. Láti nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1970 ni irú ike tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá sí ojú ti wà. Ó dùn wá pé lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, lẹ́ǹsì aláwọ̀ tí àwọn ọmọge ń fi ṣe ojú wọn ní bulúù ló wà káàkiri ọjà wa, tí ọmọ tí kò ríran kò sì rí tirẹ̀.

Wíwọn lẹ́ǹsì náà mọ́ ojú ló gba wákàtí tó pọ̀ jù lọ́wọ́ wa. Àgbà kan láàárín wa, tó ti ṣe iṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Ìbàdàn kó tó padà wálé, ló là á yé wa, ó sì fi ojú ara rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní igbá àti ọmọrí ni ká fi wò ó. Ọmọrí tó tẹ́ jù á máa mì lórí igbá. Lẹ́ǹsì tó tẹ́ jù, orí ṣóńṣó yẹn ni yóò máa tẹ̀ lójoojúmọ́, títí ibẹ̀ yóò fi bó, tí yóò sì fi àpá funfun sílẹ̀. Àpá náà kì í lọ, àárín gbùngbùn ibi tí a fi ń ríran ló sì máa ń wà. Ọmọrí tó jin jù á sé ooru mọ́nú. Lẹ́ǹsì tó jin jù á há afẹ́fẹ́ mọ́ àárín, etí rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ojú típẹ́típẹ́, omijé kò ní rí ọ̀nà wọlé jáde, ojú á pọ́n kó tó di alẹ́. Èyí tí à ń wá ni èyí tó rọra kan orí ṣóńṣó bí ìyẹ́, tó gbé ìyókù ìwúwo rẹ̀ lé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tí etí rẹ̀ sì gbé sókè díẹ̀ kí omijé lè máa lọ kó máa bọ̀.

Ojú lásán kò lè rí gbogbo èyí. Aró fluorescein ni a ń fi kan omijé, tí a ó sì tan iná bulúù sí i. Ibi tí omijé bá ti jìn á tàn ní àwọ̀ ewé, ibi tí lẹ́ǹsì bá ti kan ojú á ṣókùnkùn. Kí a tó wò ó, ó yẹ kí aláìsàn jókòó fún ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n. Ẹni tó bá wò ó ní ìṣẹ́jú márùn-ún, omijé ẹkún ló wò, kò tíì rí lẹ́ǹsì. Àgbà wa tún ọ̀rọ̀ yìí sọ lẹ́ẹ̀mẹta, a sì kọ ọ́ síbí nítorí pé ìkánjú ló ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ ju àìmọ̀ lọ.

Kọ́níà tí kò lárùn, ìtẹ̀ rẹ̀ máa ń wà ní nǹkan bí 7.8 mìlímítà. Ti ojú ṣóńṣó lè sọ̀ kalẹ̀ dé 6 mìlímítà, tàbí kó tún kéré sí i. Nítorí náà, a kò lè mú lẹ́ǹsì ojú ọjà fún un, a kò sì lè fi ojú wọn ọ́n. Àpótí ìdánwò ni a nílò, èyí tí lẹ́ǹsì oríṣiríṣi ìtẹ̀ wà nínú rẹ̀, kí a máa fi wọ́n sójú lọ́kọ̀ọ̀kan títí a ó fi bá èyí tó jókòó dáadáa. Lórí rẹ̀ ni a ó tún ti dán agbára wò, kí a tó kọ ìtẹ̀, fífẹ̀ àti agbára ránṣẹ́ sí àwọn tó máa rọ ọ́. Ìyẹn náà kọ́ ni ìparí. Lẹ́ǹsì tó jókòó dáadáa lónìí lè má jókòó mọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nítorí àrùn náà kò dúró sójú kan.

Irú mìíràn wà tó tóbi, èyí tí wọ́n ń pè ní lẹ́ǹsì scleral. Fífẹ̀ rẹ̀ lè tó mìlímítà 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Funfun ojú ló ń jókòó sí, ó ń gba orí kọ́níà kọjá láìfọwọ́ kàn án, omi iyọ̀ tí kò ní oògùn apakòkòrò ni a sì ń bù kún inú rẹ̀ bí omi inú àwo kí aláìsàn tó da ojú kọlẹ̀ láti wọ̀ ọ́. Rọ́bà kékeré kan tó ń fà mọ́ nǹkan ni a fi ń yọ ọ́. Ó wọ́n ju kékeré lọ, ṣùgbọ́n kì í já bọ́, eruku kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọ abẹ́ rẹ̀. Nínú ọyẹ́, lójú ọ̀nà tí kò lọ́dà láàárín Ayétòrò àti Ìmẹ̀kọ, ẹyọ eruku kan lábẹ́ lẹ́ǹsì kékeré lè mú ọlọ́kadà já sínú igbó. Fún ọlọ́kadà àti àgbẹ̀, tí owó bá wà, èyí ni a gbà pé ó yẹ.

Ní báyìí, kò sí ẹnì kan nínú wa tó ní àpótí ìdánwò tó pé. Òkè òkun ni à ń gbà á, láti ìgbà tí wọ́n sì ti jẹ́ kí náírà máa wá iye tirẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, apá ẹnì kan ṣoṣo kò ká a mọ́. A pinnu pé ẹgbẹ́ ni yóò ra àpótí, ti lẹ́ǹsì kékeré lákọ̀ọ́kọ́, ti scleral lẹ́yìn rẹ̀. Ìlaròó ni yóò máa gbé, yóò sì máa lọ sí Ayétòrò ní ọjọ́ méjì lóṣù. Ẹni tó bá lò ó yóò fi hydrogen peroxide fọ lẹ́ǹsì tó kan ojú aláìsàn, yóò jẹ́ kó wà nínú rẹ̀ fún wákàtí tó yẹ, yóò sì fọwọ́ sí ìwé pé òun ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó kó gíláàsì mẹ́rin wá ni a ó kọ́kọ́ wọ̀n fún. A tún pinnu pé ọmọ ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ ta lẹ́ǹsì líle fún ẹni tí òun kò ṣe tán láti tún yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹta ó kéré tán lẹ́yìn tó bá gbé e lé e lọ́wọ́: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn oṣù kan, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Owó àyẹ̀wò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà nínú owó àkọ́kọ́.

Lórí àsansílẹ̀, a kò fẹnu kò. Àwọn kan ní kí aláìsàn san gbogbo owó kí a tó kọ̀wé ránṣẹ́, nítorí lẹ́ǹsì tí a rọ fún ojú kan kò wúlò fún ojú mìíràn. Àwọn mìíràn ní ẹni tó ń ta gààrí lọ́jà kò lè kó irú owó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí a jẹ́ kó máa san án díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń dá àjọ. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ló ní ìdí. A sún un sí ìpàdé tó ń bọ̀, a sì ní kí ẹnikẹ́ni má tìtorí rẹ̀ lé aláìsàn padà kó tó dìgbà náà.

A kò ní ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán kọ́níà, ṣùgbọ́n ìyẹn kò gbọdọ̀ jẹ́ àwáwí. Gbogbo wa la ní retinoscope, iná ọwọ́ tí a fi ń yẹ ojú wò. Bí ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ bá ń ṣí tó ń pa dé bí ẹnu àlùmọ́gàjí, ká fura. Bí aláìsàn bá wo ilẹ̀, tí ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ sì yọ bíi lẹ́tà V, àrùn náà ti jìnnà. Fún àwọn nọ́ọ̀sì àti olùkọ́, páálí tí a dá ihò kékeré kan sí láàárín tó: ọmọ tí gíláàsì kò ràn, tó wá ríran dáadáa nígbà tó yọjú nínú ihò náà, ẹ fi í ránṣẹ́ sí wa. A rọ àwọn tó ń tọ́jú ìlera akẹ́kọ̀ọ́ ní Federal Polytechnic Ìlaròó, tó ti wà láti 1979, àti ní ọgbà Olabisi Onabanjo University tó wà ní Ayétòrò, pé kí wọ́n fi páálí yìí kún àyẹ̀wò àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ọjọ́ orí tí àrùn náà ń gbèrú ni ọjọ́ orí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyẹn.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ èyí. Ojú tó ń yún ọmọ, tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ ra á ṣáá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Nínú àwọn aláìsàn keratoconus 1,209 tí wọ́n ń yẹ̀ wò ní Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún láti 1995, ó súnmọ́ ìdajì wọn tó ní àwọn máa ń ra ojú kíkankíkan. Ìyúnjú tó ń bá àwọn ọmọdé jà ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, tí funfun ojú á dúdú díẹ̀ tí ikun á máa yọ bí okùn, gbọ́dọ̀ gba ìtọ́jú. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi lé e, kí ẹ sì mú ọmọ wá. Ẹ má fún ọmú sí i lójú, ẹ má fi ìtọ̀ tàbí omi ewé wẹ̀ ẹ́. Ẹ má sì ra oògùn kíkán tó ní steroid ní kẹ́míìsì láìsí ìwé dókítà. Yóò pa ìyún náà lóòótọ́, ara á tu ọmọ, ẹ ó tún lọ rà á; ṣùgbọ́n ó lè gbé ìfúnpá inú ojú sókè láìdunni, kó sì pa iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ. Ìyẹn kò ní lẹ́ǹsì tó lè tún un ṣe.

Ẹni tó bá ń lo lẹ́ǹsì líle, kí omi má kàn án. Omi kànga, omi ẹ̀rọ, omi òjò, píọ̀ wọ́tà inú ọ̀rá, kò sí èyí tó mọ́ tó. Kòkòrò kan tí ojú kò rí, acanthamoeba, ń gbé inú wọn, ó sì lè jẹ kọ́níà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú ìrora tí kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn. Oògùn tí a fi fún un nìkan ni kó fi fọ̀ ọ́. Kó fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kó nu ún gbẹ, kó tó fọwọ́ kan án. Kó má fi itọ́ rin ín, kó má wọ̀ ọ́ sùn, kó sì máa pààrọ̀ ike tó ń kó o sí lóṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Lẹ́ǹsì ń jẹ́ kí ènìyàn ríran, kò ní kí àrùn dúró. Ohun tó lè dá a dúró ni ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní cross-linking, èyí tí àwọn dókítà ní Dresden, ní Jámánì, gbé jáde ní 2003, tí Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí ní 2016. Fítámì B2 ni wọ́n ń kán sójú, wọ́n á tan iná ultraviolet sí i kí kọ́níà lè yi. Ó nílò kọ́níà tí kò tíì fẹ́lẹ́ jù, ìdí nìyẹn tí pípẹ́ fi ń pa aláìsàn lára. Ọmọ tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ń yí padà láàárín oṣù mẹ́fà, ẹ kọ̀wé fún un lọ́jọ́ náà sí àwọn oníṣẹ́ abẹ ojú ní Abẹ́òkúta, Ìbàdàn tàbí Èkó. Bí ojú tó ti ní àrùn náà bá ṣàdédé dun ni, tó funfun bí ìkùukùu, kó má ṣe di ọjọ́ kejì.

A kò gbàgbé àwọn ará wa tó wà lódìkejì bodè. Láti ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti fa ìlà ní 1889, ìdílé kan náà ló wà ní Ìmẹ̀kọ àti ní Kétu, ní Ọjà-Ọ̀dán àti ní Pọ̀bẹ́, wọ́n sì ń wá tọ́jú ojú lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí wọ́n ti bodè ní oṣù kẹjọ 2019, tí ti Ìdí-Ìrókò kò sì ṣí títí di oṣù kẹrin 2022, àwọn tó ń lo lẹ́ǹsì kò lè wá fún àyẹ̀wò. A pinnu láti máa fún gbogbo ẹni tí a bá wọ̀n lẹ́ǹsì fún ní káàdì, tí ìtẹ̀, fífẹ̀ àti agbára lẹ́ǹsì rẹ̀ wà nínú rẹ̀ ní èdè Yorùbá àti Faransé, kí dókítà ní Àjàṣẹ́ tàbí Kùtọ̀nú lè ka á bí bodè bá tún tì.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ni a dojú ẹ̀bẹ̀ wa kẹ́yìn kọ. Òfin adójútòfò ìlera ti ọdún 2022 sọ pé kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní adójútòfò. A ń fẹ́ kí ètò tiwa ní ìpínlẹ̀ ka lẹ́ǹsì líle fún keratoconus sí ohun ìtọ́jú, bí wọ́n ṣe ń ka ọ̀pá sí fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dá, kí wọ́n yé kà á mọ́ ohun ẹ̀ṣọ́. Ọmọ tó ń fi lẹ́ǹsì ka ìwé kò ṣe ẹ̀ṣọ́.

Owó àpótí gbọ́dọ̀ pé lọ́wọ́ akápò kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé, èyí tí yóò wáyé ní Ayétòrò ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀, ní agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀. Kí kálukú mú retinoscope tirẹ̀ dání, kó sì ti gba iná sí bátìrì rẹ̀ láti ilé.

Alága
Akọ̀wé
Ní orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó pàdé ní Ìlaròó